Àfọ́kù ohun ìjà Amẹ́ríkà bọ́ sí Ọ̀fà: ta ni kí aráàlú bi léèrè?

Ọmọ Olálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi nínú láti ọdún Kérésìmesì 2025, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin àti ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ láyé jù mí lọ.

Gbogbo wa la gbọ́ pé Amẹ́ríkà yin ohun ìjà lu àwọn agbésùnmọ̀mí ní ìpínlẹ̀ Sókótó lóru ọjọ́ náà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ló jáde sọ pé àfọ́kù rẹ̀ bọ́ sí Jábò ní Sókótó, ó sì bọ́ sí Ọ̀fà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kúwárà, lẹ́bàá òtẹ́ẹ̀lì kan, pé kò pa aráàlú kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò pa èèyàn. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀fà dé igbó tí wọ́n dojú ìjà kọ lọ́hùn-ún ju 500 kìlómítà lọ. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìró yẹn ló jí wọn. Láti ọjọ́ náà, tí tírélà bá ti já sí kòtò lójú títì lóru, wọn á dìde jókòó, wọn á ní, "Ṣé wọ́n tún ti dé?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Apá Èrúkù ni ìyàwó rẹ̀ ti wá, ẹ sì mọ ohun tí ojú wọn rí lọ́hùn-ún. Èmi ní tí àlejò bá lè máa ju òkò gba orí òrùlé mi kọjá tí n kò sì gbọ́ nǹkan kan ṣáájú, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo ni ilé náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a kò fi bára wa sọ̀rọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe, n kì í ṣe olóṣèlú. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni irú mi lè bi? Ta ló fún wọn láyè? Ṣé a ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, àbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ni, kí n gbẹ́nu mi dákẹ́?

Awakọ̀ Gáréèjì Ọ̀fà (Ìlọrin)

Má dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí a tó máa sọ òfin, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Irin yòówù kí wọ́n rí nínú oko tàbí lẹ́yìn ilé tí kò yé wọn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí wọ́n jìnnà sí i, kí wọ́n pe àgbà, kí àgbà pe ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń mójú tó bọ́ǹbù. Mo rí ẹni tó ń gbé fídíò ara rẹ̀ ká pẹ̀lú irin lọ́wọ́, àyà mi là.

Ará Èrúkù

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọmọ Olálọmí. Kí Ọlọ́run fi oorun sójú wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láìbínú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú mi nígbà tí ìsìn ń lọ. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 wọgbó. Ọjọ́ 23 ni wọ́n tó gbà wọ́n padà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kì í ṣe ibi tí mo gbọ́ nínú ìròyìn lásán, mo ti jókòó níbẹ̀, mo ti kọrin níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn kò sí ẹni tó rántí bi wá léèrè bóyá ilẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé Amẹ́ríkà tàpá sí ẹ̀tọ́ wa, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn agbébọn ti tàpá sí i kí Amẹ́ríkà tó dé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi ẹni tó gbé omi dé léèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò sọ pé kí ẹ má béèrè. Ẹ béèrè. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ìbéèrè yín má parí sí orí irin tó bọ́ láti òkè. Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun òkèèrè ni a ń retí.

Lọ́yà Ìlọrin

Ẹ ṣeun, Ará Èrúkù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jiyàn pẹ̀lú ohun tí ẹ fojú rí.

Ọmọ Olálọmí, ìbéèrè méjì ni ẹ dà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n.

Ta ló fún wọn láyè? Ìyẹn kì í ṣe àṣírí. Ìjọba àpapọ̀ ní Ààrẹ fọwọ́ sí i. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, Yusuf Tuggar, náà sọ pé àwa gan-an la fún Amẹ́ríkà ní ìròyìn nípa ibi tí àwọn agbésùnmọ̀mí náà wà. Ojú òkun ní ìhà gúúsù ni wọ́n ní ohun ìjà náà ti wá. Tí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé ẹni tó bá gba òfúrufú láti òkun lọ sí Sókótó, ìpínlẹ̀ wa kò jìnnà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó yẹ ká wá ìdí rẹ̀ ni bóyá òfin ní kí ẹlòmíràn bá Ààrẹ dá sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé òfin 1999, abala 5. Ó ní Ààrẹ kò gbọdọ̀ kéde ogun sí orílẹ̀-èdè mìíràn àfi tí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ fàṣẹ sí i. Ó ní kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun wa lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé àwọn Sẹ́nétọ̀ ti gbà. Ẹ tún un kà. Ogun tó ń jáde lọ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ohun ìjà ẹlòmíràn tó ń wọlé bọ̀, tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún, abala yẹn kò dárúkọ rẹ̀. Ihò ńlá nìyẹn lójú tèmi, àwọn aṣòfin ló sì yẹ kó dí i. Lọ́yà mìíràn lè rí i lọ́nà mìíràn.

Ṣé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè? Ẹ ní in, ó sì wà nínú ìwé. Òfin òmìnira ìròyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní FOI, ti wà láti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu sọ ohun tó fẹ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá yín gan-an lè béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ tipẹ́ pé òfin náà kò mú wọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin 2025 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó mú wọn.

Ibi tí ọgbọ́n wà rèé. Abala 11 òfin yẹn gbà wọ́n láyè láti fi ohun tó lè ba ààbò orílẹ̀-èdè tàbí àjọṣe wa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ pamọ́, àfi tí àǹfààní rẹ̀ fún aráàlú bá ju ewu rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá béèrè ojú ọ̀nà tí ohun ìjà gbà, abala 11 ni wọ́n á fi lé yín padà. Ẹ béèrè ohun tó kan ilẹ̀ yín: kí ni ó bọ́, ṣé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ tán, ta ló yẹ ilẹ̀ àti omi wò, ta ni yóò san owó ohun tó bá bàjẹ́, ta ni yóò sì kìlọ̀ fún wa tí irú rẹ̀ bá tún fẹ́ wáyé. Ó máa ṣòro fún wọn láti pe ìyẹn ní àṣírí ogun.

Ọmọ Olálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ ṣé gan-an ni, Lọ́yà. Ṣé kì í ṣe gómìnà ló yẹ kí n kọ̀wé sí? Òun la ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀.

Lọ́yà Ìlọrin

Ẹ lè fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn tóbi ju agbára tó wà nínú rẹ̀ lọ. Abala 215 ìwé òfin ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, kọmíṣọ́nà náà sì lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ. Ti ọmọ ogun àti ti òfúrufú, Abuja nìkan ló ni ín. Sí Abuja ni kí ẹ kọ lẹ́tà náà, sí iléeṣẹ́ ètò ààbò.

Bàbá Tíṣà (Òmù-Àrán)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi dùn pé ẹ kò bú ara yín.

Ọmọ Olálọmí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ mú mi rántí ìyá tèmi. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí Faransé ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní Àlùjíríà. Oṣù kejì 1960 ni wọ́n yin ti àkọ́kọ́, kí a tó gba òmìnira. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún náà yóò fi parí, wọ́n ti yin ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ rántí pé àkókò ọyẹ́ ni. Láti Sàhárà gan-an ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ní rédíò, àwọn àgbà àdúgbò máa ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti gbọ́ ìròyìn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé afẹ́fẹ́ yóò gbé májèlé náà dé. Ìyá mi máa ń da aṣọ bo ìkòkò omi. Wọn kò mọ̀wé, wọn kò mọ ibi tí Sàhárà wà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun tí ẹlòmíràn yìn lókèèrè lè bọ́ sínú omi àwọn ọmọ wọn.

Kí ni ìjọba ṣe? Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé jáde. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba òmìnira! N kò ní gbàgbé bí àwọn àgbà ṣe dìde dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìjọba kan náà yẹn ló sì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò nígbà òmìnira. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn kò gbà. Ní oṣù kọkànlá 1960 wọ́n wọ Èkó, wọ́n gbógun ti ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ Action Group náà tako ó. Àwọn tó wà nípò ní ọmọdé ń ṣe wọ́n. Oṣù kìíní 1962 ni àdéhùn náà di ohun ìfagilé. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè kì í ṣe fún mẹ́kúnnù, sọ ìtàn yìí fún un.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a wọ̀ ní oṣù kẹwàá 1960, orílẹ̀-èdè 193 ló wà nínú rẹ̀ lónìí, márùn-ún péré ló sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ìpinnu ìgbìmọ̀ ààbò rẹ̀ dúró. Amẹ́ríkà wà nínú wọn, Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan. Nítorí náà, tí ìjọba tiwa kò bá bá wa sọ̀rọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó máa bá wa sọ ọ́. Ẹ dojú ìbéèrè kọ àwọn tí ẹ dìbò fún. Àwọn ni ọwọ́ yín tó.

Ìyá Alálùbọ́sà (Ìpàtà, Ìlọrin)

Àsàláámù àlékùm o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Tíṣà, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ fi ti ọjà kún un. Èmi kò mọ òṣèlú ilẹ̀ òkèèrè tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó wá bá mi nídìí igbá. Ní oṣù keje 2023, àwọn sójà gbàjọba ní Nìjẹ̀, ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ wọn, Nàìjíríà tún gé iná mànàmáná wọn. Àlùbọ́sà Gálímì tí mo ń tà, láti ọ̀dọ̀ wọn ló ń wá, ẹnubodè Ìlléla ni oníbàárà mi ń gbé e gbà. Ọkùnrin náà ń sunkún sí mi lórí fóònù pé àpò ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Owó tí mo fi ń ṣòwò ti wọlẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó jókòó ní Abuja tí wọ́n ṣèpinnu yẹn, kò sí ẹni tó wá sí Ìpàtà kó wá bi wá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dára níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé àwọn máa kógun lọ Nìjẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn Sẹ́nétọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Àwọn ará Àríwá tí ilẹ̀ wọn bá Nìjẹ̀ pààlà ké, ìpínlẹ̀ méje ni wọ́n, àwọn Sẹ́nétọ̀ wọn sì gbé igbe náà wọlé. Ilé náà ní kí wọ́n fẹnu yanjú rẹ̀. Kò sógun. Tí àwọn èèyàn yẹn bá ti dákẹ́ ni, ọmọ ta ni ì bá ti kú? Ẹ lọ bá Sẹ́nétọ̀ yín. Ẹ má lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ọjà buwọ́ lù ú, kí mọ́ṣáláṣí buwọ́ lù ú, kí ṣọ́ọ̀ṣì buwọ́ lù ú. Olóṣèlú mọ ìwé tó ní orúkọ púpọ̀ lábẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Màlété

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Kékeré ni tèmi. Tí ẹ bá ń kọ èrò yín sórí Facebook tàbí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, èrò yín jẹ́ tiyín, abala 39 ìwé òfin dáàbò bò ó. Irọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe ní 2024 ní ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì gbé e jáde láti dá rúgúdù sílẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kí ó san mílíọ̀nù méje náírà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ọ̀fà yìí, wọ́n fi àwòrán ilé wíwó kan ránṣẹ́ sí mi pé Ọ̀fà ni. Mo gbé e sínú Google Lens, ogun orílẹ̀-èdè mìíràn ni, ó sì ti pẹ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kò mọ̀, ìbẹ̀rù ló mú un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tari rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà ní Houston

Ẹ kú ilé o. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń kà yín.

Ẹ tún lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yìn ín. Amẹ́ríkà náà ní òfin òmìnira ìròyìn tiwọn láti 1966, kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Ará Ọ̀fà lè jókòó sílé kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ológun wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa pẹ́, ẹ má retí ọjọ́ méje. Àwa tí a ti di ọmọ onílùú níbí ní aṣojú ní Kóńgírẹ́ẹ̀sì, òfin wọn ti 1973 sì ní kí Ààrẹ wọn ròyìn fún Kóńgírẹ́ẹ̀sì láàárín wákàtí 48 tó bá ti kó ọmọ ogun wọn wọ ìjà. Èmi yóò kọ̀wé sí aṣojú tèmi lọ́sẹ̀ yìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà yìí kan náà dín físà àwa ọmọ Nàìjíríà kù sí oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá mi tó fẹ́ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ báyìí nígbà tí ìyá arúgbó bá fẹ́ wọlé, tí ohun ìjà rẹ̀ sì bọ́ sí ìlú wa, ó yẹ kí ìjọba wa lè bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Mi ò kórìíra ibi tí mo ń gbé. Ó kàn ń dùn mí ni.

Ará Èrúkù

Ó dùn èmi náà. Mo ti ka ìtàn Bàbá Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó ń da aṣọ bo ìkòkò omi yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa ní Èrúkù kò lọ oko mọ́ láìsí ọmọkùnrin lẹ́yìn wọn. Tí ẹ bá kọ lẹ́tà yẹn, ẹ fi orúkọ mi sí i.

Ọmọ Olálọmí (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin ará, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Lánàá mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé fóònù fún ìyàwó wa kó ka ohun tí Ará Èrúkù kọ. Ó kà á tán, ó dákẹ́, ó lọ gbé oúnjẹ wá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jẹun. Ó ṣì ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, èmi ṣì ní ó yẹ kí wọ́n sọ fún wa. Àmọ́ a jọ jókòó kọ lẹ́tà náà ni.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tí a rí ni a sì ń bá jà, nítorí náà a dárúkọ iléeṣẹ́ tí a ń kọ̀wé sí, a sì kọ déètì sí i. Gbogbo ohun tí Lọ́yà ní ká béèrè ni a béèrè. A fi ọ̀kan kún un: ètò wo ló wà nílẹ̀ fún àwọn ìlú tó wà létí igbó ní Gúúsù Kúwárà, láti Èrúkù dé Ifẹ́lódùn, kí ó má jẹ́ pé ọ̀nà òfúrufú nìkan ni ààbò yóò máa gbà wá? A máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Sẹ́nétọ̀ Gúúsù Kúwárà àti aṣojú Ọ̀fà, Ọ̀yun àti Ifẹ́lódùn. Ìyá mi tẹ̀ka sí i. Èèyàn mọ́kànlélógójì ti buwọ́ lù ú, ẹgbẹ́ àwa atúnjẹnẹrétọ̀ṣe kò sì tíì ṣèpàdé.

Ohun tó kù ni bí yóò ṣe dé Abuja. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ sọnù sí ọ̀nà.

Awakọ̀ Gáréèjì Ọ̀fà (Ìlọrin)

Mò ń gbé èrò lọ Abuja lọ́jọ́bọ̀. Gbé e wá bá mi ní gáréèjì kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí èkejì. Tí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, n kò ní kúrò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ni mo máa gbé padà wá fún ìyá.